Ajá Wo Ni Eyín Rẹ̀ Le Jù? "743" Tí Wọ́n Pè Fún Bàbá Onílé Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Fọkanáísà

Ọ́fíìsì kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ o. Abẹ́ igi tí fọkanáísà kan ti ń lẹ táyà ládùúgbò wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọ̀kadà mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ni mo bá bá Bàbá onílé kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ajá dúró níwájú wọn, ó na fóònù sí wọn lójú. Olè ti wọ ilé Bàbá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ti pinnu pé ajá ni àwọn máa rà. Kì í ṣe ajá tó kàn máa ń gbó kiri o. Ajá tó jẹ́ pé tó bá fi eyín kan olè, olè náà á mọ̀ pé òun ti kàgbákò.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì," ni ọmọkùnrin náà wí. "Rottweiler, 328. Alsatian, 238. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú Kangal, 743 ni! Kò sí ajá tó ń ṣe irú ẹ̀. Mo lè bá yín wá a."

Bàbá yọ awò ojú wọn. "743 kí ni?"

"743 ni, Bàbá. Agbára eyín ẹ̀ nìyẹn."

"Mo ní 743 kí ni? Kílò ni àbí náírà?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọmọkùnrin náà tún wo fóònù rẹ̀, ó ní "PSI" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí fọkanáísà ṣe gbọ́ PSI báyìí, ó gbé géèjì tó fi ń wọn atẹ́gùn sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, PSI tí èmi mọ̀ nìyí. 32 ni mo fẹ́ sí táyà mọ́tò tó kúrò níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ṣé wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ajá náà ni?"

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ oníwèé ìròyìn yìí, iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Lọ bá mi wádìí ẹ̀. Mi ò ní fi owó mi ra nọ́ńbà tí ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ ohun tó jẹ́."

Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń ka ìwé àwọn dókítà ẹranko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ohun tí mo sì rí níbẹ̀ kò jọ ohun tí mo rò pé mo máa rí rárá.

NỌ́ŃBÀ TẸLIFÍṢỌ̀N

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Rottweiler àti Alsatian, nítorí pé àwọn méjèèjì yìí ni orúkọ wọn kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa. 328 àti 238 tí ọmọkùnrin yẹn pè kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti wá. Ní 2005, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brady Barr ṣe ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n fún iléeṣẹ́ National Geographic ti Amẹ́ríkà. Ọ̀nì ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí gan-an. Òun ni í máa lọ bá ọ̀nì àti irú àwọn ẹranko abìjà bẹ́ẹ̀, táá fi ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu láti mọ bí wọ́n ṣe lè gé nǹkan jẹ tó. Ẹ̀mí lílé ni tàbí orí kunkun, èmi ò mọ̀. Nígbà tó kan ajá, apá aṣọ tó nípọn bíi tìmùtìmù ni wọ́n lò, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́ ajá ọlọ́pàá máa ń wọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ajá náà fi eyín gbá a mú. Rottweiler tẹ ẹ̀rọ yẹn dé 328 pọ́n-ùn, Alsatian dé 238, Pit Bull tí gbogbo ayé ń sá fún dé 235.

Tí a bá fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ wọ̀n ọ́n, àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Ti Rottweiler yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ti Alsatian àti ti Pit Bull lé díẹ̀ ní àpò méjì. Ẹ wá rò ó wò pé kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lé yín lápá, kó sì jẹ́ pé orí eyín ṣóńṣó díẹ̀ ni wọ́n gbé e lé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ètò tẹlifíṣọ̀n ni o! Wọn kò kó ọgọ́rùn-ún Rottweiler jọ, akọ àti abo, ọmọdé àti àgbà, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ajá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n wọn. Tí wọ́n bá mú Rottweiler mìíràn wá lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọ̀lẹ, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ta ló mọ iye tí ẹ̀rọ á pè? Ó dà bí ìgbà tí àjèjì kan bá sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀, tó wọn gíga ọkùnrin kan ṣoṣo, tó wá padà sílé lọ kọ ọ́ síwèé pé báyìí ni gbogbo ọmọ Ìbàdàn ṣe ga tó.

Ohun kejì tó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ni PSI tí fọkanáísà fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Pọ́n-ùn ni Barr pè. Èyí ni agbára tí ẹnu ajá fi tẹ nǹkan lápapọ̀. PSI ní tirẹ̀, agbára tó bọ́ sórí ibi kékeré kan ni, íǹṣì kan lóròó, íǹṣì kan níbùú. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí á tètè yé. Bí obìnrin tó wọ sálúbàtà bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó ní "kò tọ́pẹ́, ìyá". Bí obìnrin yẹn gan-an bá wọ bàtà gogoro, tó wá fi ìdí bàtà náà tẹ̀ yín, ẹ ó pe orúkọ ẹni tó bí yín lọ́mọ. Obìnrin náà kò sanra sí i, ojú ibi tó tẹ̀ ló kéré. Nítorí náà, láìjẹ́ pé wọ́n wọn bí orí eyín ajá ṣe fẹ̀ tó, kò sẹ́ni tó lè sọ pọ́n-ùn di PSI. Àwọn èèyàn kàn mú 328 pọ́n-ùn, wọ́n lẹ PSI mọ́ ọn nídìí, ó sì di ohun tí tajátẹran ń pè.

743 ti Kangal ńkọ́? Ajá olùṣọ́ àgùntàn ni Kangal, ará Tọ́kì ni, ó tóbi, ó sì láyà, ìkookò ló ń lé kúrò lọ́dọ̀ ẹran. Gbogbo ìyẹn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wá ẹni tó fi ẹ̀rọ wọn ẹnu Kangal tó fi rí 743, mi ò rí i. Mo wá ọdún tó wọ̀n ọ́n, mi ò rí i. Ibi tó ti wọ̀n ọ́n, mi ò rí i. Nọ́ńbà yẹn kàn ń rìn kiri bí ọmọ tí kò ní bàbá, gbogbo ẹni tó ń ta ajá ló sì ń fún un lóúnjẹ.

Ká tó kúrò lórí ti Alsatian, nǹkan kan wà tí mo rí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Jámánì ni ajá yìí. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ló bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ìdílé ní 1899, ajá darandaran Jámánì sì ni orúkọ rẹ̀ ní ilé. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó ń jẹ́ Jámánì mọ́, ni wọ́n bá fi orúkọ Alsace, ilẹ̀ tó wà láàárín Faransé àti Jámánì, pe ajá ẹlẹ́ran. Ó di 1977 kí ẹgbẹ́ àwọn olájàá ní Ìlú Ọba tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ti kọ́ Alsatian lẹ́nu Òyìnbó, a ò sì tíì dá a padà títí dòní. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń bá èèyàn jiyàn pé ajá méjì ni wọ́n!

ÀWỌN TÓ WỌ̀N Ọ́N BÓ ṢE YẸ

Tí a bá kúrò níbi tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan ti fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1995, Lindner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn dókítà tó ń tọ́jú eyín ẹranko. Ajá méjìlélógún ni wọ́n kó jọ, láti orí èyí tó wọn kílò méje dé orí èyí tó wọn 55. Wọ́n fi awọ màlúù gbígbẹ wé ẹ̀rọ kan, wọ́n jù ú sí wọn bí ẹni ju pọ̀nmọ́ sí ajá, wọ́n wá ń wo iye tí ẹ̀rọ ń pè.

Newton ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ di kílò fún yín. Ajá tó tẹ̀ ẹ́ kéré jù, 13 newton ló tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kò tó kílò kan àbọ̀. Ajá tó tẹ̀ ẹ́ le jù dé 1,394 newton, ó kù díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Tí ẹ bá wá to gbogbo wọn láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó le jù, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn jẹ́ 163 péré. Ìdá mẹ́ta àpò sìmẹ́ńtì kan ni.

Ẹ̀yin ẹ wò ó o. Láti kílò kan àbọ̀ dé 142 kílò! Títóbi ajá kó ipa tirẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ajá kan lè tọ́ awọ yẹn wò kó sì gbàgbé ẹ̀. Òmíràn á dì í mú bí ẹni pé ìyá ẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ajá ló ń pinnu iye agbára tí òun máa lò. Ẹni tó bá ti rí ìyá ajá tó fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ láti abẹ́ àtẹ̀gùn lọ sí ẹ̀yìnkùlé á mọ ohun tí mò ń wí. Eyín tó fi ń fọ́ egungun ẹsẹ̀ màlúù náà ló fi gbé ọmọ tí kò tíì lajú, ara ọmọ kò sì ní bó. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ajá kan ń ṣe báyìí, ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni pé, lọ́jọ́ wo? Inú ń bí i ni àbí ó ń ṣeré?

Nítorí ìṣòro yìí ni àwọn oníwádìí Yunifásítì Guelph ní Kánádà ṣe gba ọ̀nà mìíràn. Jennifer Ellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ajá ní oògùn oorun, wọ́n wá fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ta àwọn iṣan tó ń pa ẹnu dé. Ajá ò mọ̀, kò lè ṣe ọ̀lẹ, kò sì lè ṣe orí kunkun. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2008. Lórí eyín gígùn iwájú, kò sí ajá tó dé 1,000 newton. Lórí eyín ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń rún egungun, ó lé ní 3,000 lẹ́nu èyí tó le jù. Ìyẹn ti ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ.

Ajá kan náà, ẹnu kan náà o. Iwájú ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ọ̀tọ̀. Tí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ mú síságbọ́n télọ̀. Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ gé aṣọ tó nípọn, á máa yọ̀. Ẹ ti aṣọ náà wọ inú, súnmọ́ ibi tí irin méjèèjì ti so pọ̀, kíá ló máa gé e. Bí ẹnu ajá ṣe rí nìyẹn, bí ẹnu tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fi eyín iwájú fọ́ egungun adìẹ. Ajá ní eyín méjìlélógójì, àwa ní méjìlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tí à ń ti egungun sí.

Nígbà tó di 2009, àwọn ará Guelph yìí tún gbé ìwádìí lórí agbárí ajá jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé títóbi ajá ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, lẹ́yìn náà ni bí orí rẹ̀ ṣe rí. Ajá tí orí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kúrú, máa ń ní agbára ju ajá tó tó o lára àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi ìka kan ẹ̀bátí yín, kẹ́ ẹ wá pa eyín pọ̀. Nǹkan tó wú síta yẹn, iṣan tó ń pa ẹnu dé ni. Orí tó fẹ̀ ní àyè fún un ju orí tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bóyá Rottweiler ni wọ́n kọ sí ìwé ìdílé rẹ̀ tàbí ajá tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, iṣan kò mọ̀wé kà. Ajá ìbílẹ̀ ńlá tí orí rẹ̀ rí gbàgbà lè fi eyín tẹ nǹkan ju ọmọ Alsatian olówó gọbọi tí kò jẹun kánú.

PIT BULL TÓ "TI ẸNU PA"

Irọ́ kan tún wà tó gbajúmọ̀ ju 743 lọ. Wọ́n ní tí Pit Bull bá ti gbé nǹkan sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń tì pa bí àgádágodo, àfi kí wọ́n fi irin là á. Èmi náà gbà á gbọ́ láti kékeré. Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà, I. Lehr Brisbin, ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ohun kankan nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pit Bull tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu ajá yòókù ṣe rí ni tirẹ̀ náà rí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìwà ni, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti bí i fún ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó bá ń tètè jáwọ́, wọn kì í gba ọmọ lára ẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ajá ti di ọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀. Láti 1991 ni òfin Ìlú Ọba ti ka Pit Bull Terrier, Tosa ti Japan, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro léèwọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ó di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales kéèyàn ní XL Bully láìgba ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá sì gba ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ẹnu ajá rẹ̀ tó bá ń mú un jáde. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òfin yìí, kò sí ibì kan tí wọ́n ti ní kí ọlọ́pàá wọn agbára eyín. Ìrísí ara ajá ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ń fi nọ́ńbà eyín mú ajá ni, ẹjọ́ wọn kò bá má tán ní kóòtù.

Mo gbé gbogbo èyí tọ Bàbá lọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ló wá ń pààyàn nínú ọ̀rọ̀ ajá?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n ní láti sọ ohun tí mi ò ní lọ́kàn láti sọ.

OJÚ EYÍN MÉJÌ BÍ OJÚ ABẸ́RẸ́

Mo wà ní pírámárì ìkẹrin nígbà náà. Ajá kékeré kan wà ládùúgbò wa, funfun ni, kò ju ológbò tó yó lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé e lé ẹ̀rọ àwọn Òyìnbó yẹn, bóyá ni ẹ̀rọ á fi mọ̀ pé nǹkan kan gun òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ajá yìí jáde láì gbó, ó gé àbúrò mi jẹ lẹ́sẹ̀, ó kọjá sí òdì kejì títì, ó sì gé ọmọ ilé kejì jẹ lọ́wọ́. Ojú eyín méjì ló wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi, bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń nu. Ti ọmọ kejì tilẹ̀ kéré sí i, bí ẹni pé ẹ̀gún ya á.

Ẹni tó ni ajá sáré wá, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti gé irun ara ajá náà, ó jó o, ó pò ó mọ́ epo pupa, pé kí wọ́n fi pa ojú ibẹ̀. Màmá mi kò tilẹ̀ wo apá ibi tó wà. Wọ́n fa àbúrò mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà títí ọmọ fi ń sunkún pé ó ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọsibítù. Abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n gún un lápá láàárín oṣù kan, màmá mi sì yá owó lọ́wọ́ ẹlẹ́sùúsú láti fi ra àwọn tó kù. Àwọn ará ilé kejì gba irun ajá àti epo. Wọ́n tiẹ̀ ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nítorí ajá tó tó eku.

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì, ọmọ ilé kejì ní ọwọ́ ń yún òun. Lẹ́yìn náà, ibà dé. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá gbé omi sún mọ́ ọn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á máa fún, á máa gbọ̀n. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́ láyé. A jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni.

Dìgbòlugi nìyẹn. Inú itọ́ ajá ló wà. Tó bá ti gba ojú ọgbẹ́ wọlé, iṣan ni í máa tọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi lè gba oṣù méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ọdún kan. Gbogbo àkókò tó ń rìn lọ́nà yìí ni abẹ́rẹ́ fi lè bá a. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ síta, dókítà kankan kì í sábà rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Láti 1885 ni Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé ti gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá dìgbòlugi bù jẹ kiri ara, ọmọ náà sì yè. Síbẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù, tó fi dé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ajá tí wọ́n fura sí bá gé jẹ, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe ga tó sí ajá, ojú àti ọrùn rẹ̀ ni ẹnu ajá máa ń bá.

(Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Orúkọ àdúgbò yín, Mọ́kọ́lá, wà nínú ìwé àwọn dókítà káàkiri àgbáyé. Ní 1968 ni wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi lára asín ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi Mọ́kọ́lá sọ ọ́ lórúkọ. Asín o, tí gbogbo agbára ẹnu ẹ̀ ò ju kó ré ẹyọ àgbàdo kan lọ.)

Ohun tí dókítà ẹranko tí mo lọ bá kì í fi í ṣeré ni pé, bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ibi tó bá wù kó wá, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n wo aago. Lẹ́yìn náà, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ sáré pa ajá náà. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti ní kan ẹlòmíràn, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tí dìgbòlugi bá wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, ara rẹ̀ kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó hàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Ọmọ ajá náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un gún bí dókítà bá ṣe sọ. Kí wọ́n sì gba káàdì rẹ̀.

Bàbá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ọmọ mẹ́rin ló wà nílé wọn, èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí á lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ọmọkùnrin olájàá ti wà níbẹ̀, ó mú ọmọ Rottweiler kan dání, ajá náà dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ ti ń fẹ̀. "Bàbá, ẹ wò ó, 328 rèé! Kangal yẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

Bàbá fọwọ́ kan orí ajá náà. Wọ́n ní, "Fi 328 sápò. Káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ dà?"

Ọmọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ilé ni òun gbàgbé káàdì náà sí, pé òun á mú un wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Mọ́ńdè wo?" ni fọkanáísà bi í, ó ti ń tú táyà mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Bàbá ṣì ń retí káàdì.